Bátìrì Onírin: Ṣé Ó Tó Ohun tí À Ń Yáwó Rà?

Kò sí oṣù kan báyìí tí ìwé ìbéèrè owó yíyá nítorí iná oòrùn kì í dé iwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tó ń ta ẹja tútù ní Ìgbọ̀nà fẹ́, télọ̀ fẹ́, ẹni tó ní oko kòkó lọ́nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tí wáyà iná kò dé abúlé rẹ̀ rí, òun náà fẹ́. Kò yà wá lẹ́nu. Òṣogbo yìí kan náà ni ilé ìdarí iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè wà, síbẹ̀ òkùnkùn tó ń ṣú fún àwọn ará ibòmíràn ń ṣú fún àwa náà. Bẹntiróòlù tí à ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ sì ti di ohun tí à ń fi ojú ẹ̀rù wò láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023.

Ohun tó mú wa sọ̀rọ̀ lóṣù yìí ni bátìrì kan tí àwọn kan nínú wa ti gbọ́ nípa rẹ̀, tí wọ́n ní kì í kú. Wọ́n ní bàbá á rà á, ọmọ á jogún rẹ̀. Wọ́n ní níkẹ́ẹ̀lì àti irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó kí àwọn fi kó o wọlé láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Owó tí ẹgbẹ́ ń yáni, owó gbogbo wa ni. Ẹni tí kò bá sì lè san tirẹ̀, ọrùn àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ló ń já lé. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa ti rí. Ẹnì kan á yáwó oṣù 24, á fi ra bátìrì olójé. Kò ní ju bí oṣù kẹrìnlá lọ tí bátìrì náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòjòjò. Tẹ́lẹ̀, iná ń wà títí di òwúrọ̀. Ó di aago mọ́kànlá, ó di aago mẹ́sàn-án, nígbà tó yá, wọn kò ní tíì jẹun alẹ́ tán tí ilé á fi ṣókùnkùn. Owó oṣù mẹ́wàá ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ á wá máa san gbèsè òkú bátìrì. Ní ilẹ̀ tí àwọn Òṣómàáàló ti jáde, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún bí gbèsè ṣe rí, àti ẹni tó jẹ ẹ́, àti ẹni tó lóṣòó dè é.

Kí ló ń pa bátìrì olójé? Awo òjé ló wà nínú ásíìdì. Nígbà tó bá ń fún wa níná, òjé àti ásíìdì a máa para pọ̀ di nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ awo. Bí a bá tètè ṣáàjì rẹ̀ padà, funfun yẹn á yòrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí tó jẹ́ pé oòrùn ìgbà òjò kò kún un tán láti ọjọ́ dé ọjọ́, funfun náà á gan mọ́ awo bí èépá, kò sì ní yòrò mọ́. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ọwọ́ aráyé. Àìkúnnú ló pa á.

Bátìrì onírin kò ní àrùn yìí, òun sì ni orísun òkìkí rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Waldemar Jungner ti ilẹ̀ Sweden àti Thomas Edison ti Amẹ́ríkà, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ gílóòbù iná, ni wọ́n ṣe é, oníkálukú lọ́tọ̀, nígbà tí ọ̀rúndún ogún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Edison gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní 1901. Mọ́tò tó ń fi iná mànàmáná rìn ló ní lọ́kàn. Àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe ń jò, ló bá kó wọn kúrò lọ́jà ó tún wọn ṣe. Nígbà tó fi máa di 1910, èyí tó dúró dáadáa ti jáde. Àmọ́ bẹntiróòlù ti ń gba iṣẹ́ mọ́tò mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá kọjú sí rélùwéè àti ibi ìwakùsà, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ bátìrì tí kò gbẹgẹ́. Ilé-iṣẹ́ Exide ra ilé-iṣẹ́ bátìrì Edison ní 1972, wọ́n sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1975. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ èyí tó wà lóde òní ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká dá ìdàrúdàpọ̀ kan dúró níbí. Lára bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí, ẹ ó rí “lithium iron” tí wọ́n kọ sí i. Irin díẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni bátìrì onírin tí à ń sọ yìí, wọn kò sì jọra lọ́nàkọnà. Ẹni tó bá ní òun ń ta bátìrì onírin fún yín, tí kò níbi tí wọ́n ti ń bomi sí i, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Òṣogbo ìlú aró ni tiwa, nítorí náà ọ̀rọ̀ omi inú bátìrì yìí kò ní ṣòro fún wa. Àwọn ìyá wa aláró àti àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú mọ omi eérú. Wọ́n á jó èèpo kòkó tàbí igi, wọ́n á da omi sórí eérú rẹ̀, omi tó bá sẹ̀ jáde nísàlẹ̀ á máa yọ̀ lọ́wọ́, á sì máa ta ni lára. Ìbátan omi yẹn ló wà nínú bátìrì onírin: pọ́táṣì ni, ṣùgbọ́n èyí tó le ju ti eérú lọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní potassium hydroxide. Kò sí ásíìdì kankan níbẹ̀. Awo irin wà lápá kan, awo níkẹ́ẹ̀lì wà lápá kejì, pọ́táṣì náà sì wà láàárín wọn bí alárinà. Ó ń gba iná kọjá, òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Awo irin kì í yòrò sínú omi náà bí òjé ṣe ń ṣe nínú ásíìdì. Ojú ibi tó wà ló ti ń yí padà, ibẹ̀ náà ló ti ń padà sípò. Nítorí náà, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo fún oṣù mẹ́ta, kò ní kú. Bí páńẹ́ẹ̀lì bá ṣáàjì rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi rẹ̀ ni yóò dín, awo rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ó lè lo 20 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tọ́jú rẹ̀, nígbà tí olójé tí à ń lò gbẹ lójoojúmọ́ nínú ooru wa kì í sábà ju ọdún méjì sí mẹ́rin lọ, tí lítíọ́ọ̀mù tó dára sì lè lo bí ọdún mẹ́wàá.

Kí ẹnikẹ́ni má wá lọ bu omi eérú sí i o. Omi eérú àti káún tí a fi ń se ewédú kì í ṣe pọ́táṣì tó ń fẹ́. Kódà, bí pọ́táṣì inú bátìrì bá ń rí afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń di irú èyí tó wà nínú omi eérú, agbára bátìrì á sì máa rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa dé ìdérí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, a óò da omi náà nù, a óò sì po tuntun sí i.

Ó ku ibi tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í dé. Bátìrì yìí ń jẹ owó orí. Bí ẹ bá gbé 1,000 wáàtì-wákàtì wọ inú rẹ̀, nǹkan bíi 650 ni yóò gbé jáde fún yín. Olójé máa ń dá nǹkan bíi 800 padà, lítíọ́ọ̀mù á dá nǹkan bíi 950. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Gílóòbù márùn-ún oní-wáàtì 9 fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 225. Fáànù oní-wáàtì 50 fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 400. Tẹlifíṣọ̀n oní-wáàtì 60 fún wákàtí mẹ́rin jẹ́ 240. Ká fi 135 kún un fún fóònù, rédíò àti ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,000 lóru kan, láìsí fíríìjì.

Kí ilé yìí tó lè rí 1,000 lò, ó gbọ́dọ̀ kó nǹkan bíi 1,540 wọ inú bátìrì onírin. Tó bá jẹ́ olójé, 1,250. Tó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, 1,050. Ẹ jẹ́ ká ka oòrùn tó lágbára sí wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ká sì yọ ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀ nítorí ooru, eruku àti wáyà. Wáàtì kan lórí páńẹ́ẹ̀lì á wá mú wáàtì-wákàtì mẹ́ta wá lójúmọ́. Onírin á nílò páńẹ́ẹ̀lì tó tó wáàtì 513, olójé 417, lítíọ́ọ̀mù 350. Ìyẹn ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ onírin má ṣe ìṣirò bátìrì nìkan. Páńẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdajì ju ti ẹni tó ra lítíọ́ọ̀mù lọ. Ẹ sì rántí oṣù kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run Òṣogbo àti Iléṣà láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ́n ṣín-ṣín ní oṣù kìíní á jókòó sókùnkùn ní oṣù kẹjọ.

Èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò fọwọ́ kàn án, iná inú rẹ̀ ń dín. Tuntun rẹ̀ pàápàá lè pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Nítorí náà kò dára fún ẹni tó fẹ́ gbé e sí kọ̀rọ̀ de ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ (ẹ jọ̀wọ́, a mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ padà, ahọ́n wa ni kò tíì yí). Ẹni tó ń ṣáàjì rẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń lò ó lójoojúmọ́ ló yẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, kò fẹ́ kí a já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú bátìrì oní-fólítì 24, áńpù-wákàtì 100. Bí ẹ bá ń gba 20 áńpù lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 480 lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí fíríísà tàbí ẹ̀rọ ìlọta gbéra lójijì, fólítì rẹ̀ á wálẹ̀ gìì, ínfátà á sì pa ara rẹ̀. Alátaǹta, ẹni tó ń ta ohun tútù, alágbàlọ̀, ẹ gbọ́ èyí o: àyàfi tí ẹ bá ra èyí tó pọ̀ gan-an, kì í ṣe tiyín.

Ọ̀rọ̀ fólítì náà sì tún ní ẹ̀gún nínú. Ojú kọ̀ọ̀kan bátìrì onírin jẹ́ fólítì 1.2, nítorí náà 20 ló ń ṣe fólítì 24. Kí wọ́n tó kún dáadáa, ojú kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ tó 1.6 sí 1.7, ìyẹn 32 sí 34 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà oní-24 tó wà lọ́jà wa, olójé ni wọ́n ṣe wọ́n fún: bí fólítì bá ti kọjá bí 30 sí 32, wọ́n á pa ara wọn kí nǹkan má bàa jó. Ẹni tó kó bátìrì onírin wọlé tó wá fà á mọ́ irú ínfátà bẹ́ẹ̀, ọ̀sán gangan tí oòrùn bá ń ràn ni iná ilé rẹ̀ á máa kú, á sì máa bú bátìrì. Kọntiróólà tí a lè fọwọ́ yí ìwọ̀n fólítì rẹ̀ ló yẹ kó rà, pẹ̀lú ínfátà tó gba láti nǹkan bíi 20 títí dé 34. Àwọn mìíràn máa ń dín ojú bátìrì kù sí 18 tàbí 19. Kí rẹ́wáyà tí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ṣàlàyé èwo ni yóò ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

A tún dé ibi omi. Nígbà tó bá ń ṣáàjì, apá kan iná tó ń wọlé ń sọ omi inú rẹ̀ di afẹ́fẹ́. Fún ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí, bí ojú bátìrì bá jẹ́ 20, omi tó ń bá a lọ lóṣù kan jẹ́ lítà méjì ó lé díẹ̀. Ẹ ó máa dá a padà, kò sí àrífín níbẹ̀. Omi dístíìdì nìkan ni. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi inú ọ̀rá, kì í ṣe omi òjò tó ṣàn kọjá lórí páànù. Ẹ sì ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà, torí “omi bátìrì” tí àwọn mìíràn ń tà, ásíìdì ni. Ásíìdì díẹ̀ bó ti wù kó mọ, tó bá ti kan bátìrì onírin, ó ti bà á jẹ́. Kódà àrọ tí a fi bu ásíìdì rí kò gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde náà ni haidirójìn, tó ń gbaná bí ẹ̀tù. Ilé àpẹẹrẹ wa yìí á máa tú tó ọgọ́rùn-ún lítà rẹ̀ jáde lójúmọ́. Bí ó bá rọ́nà lọ sókè, kò sí ewu. Bí a bá tì í mọ́ inú àpótí tàbí yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ẹnì kan wá ṣáná sí sìgá tàbí tan sítóòfù, ọ̀rọ̀ á di ti paná-paná. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn, ẹ má gbé e sí ṣọ́ọ̀bù alápò ní Ìgbọ̀nà tí a kó ọjà kún dé òrùlé. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ ìbòòji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ni ipò rẹ̀, nítorí ooru tó bá ju bíi 45 lọ ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kò bá awo irin lára mu. Pọ́táṣì rẹ̀ náà ń bó ara, ó sì lè fọ́ni lójú. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ni kí ẹni tó ń bomi sí i wọ̀. Tó bá ta síni lára, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣan án, kí a ṣan án pẹ́; tó bá kan ojú, kí a máa ṣan án lọ títí dé ilé ìwòsàn.

Ó tún wúwo. Èyí tó lè gba 2,400 wáàtì-wákàtì á wọn tó 100 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí lítíọ́ọ̀mù tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà kò ju nǹkan bíi 25 lọ. Owó ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Owó ibodè ńkọ́? Tí ojú kan bá sì yọnu, ta ni yóò gbé e padà sí Ṣáínà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé àtìlẹ́yìn ọdún mẹ́wàá látọwọ́ ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ní Nàìjíríà, ìwé lásán ni lójú tiwa.

Ta ló wá yẹ? Lérò tiwa, àgbẹ̀ tàbí ìdílé tó ń gbé abúlé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wáyà iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n ní àyè fún páńẹ́ẹ̀lì púpọ̀, tó jẹ́ gílóòbù, fáànù, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń lò, tí ẹnì kan sì wà nílé tí kì í gbàgbé omi, bí ìyá ṣe ń rántí oúnjẹ ọmọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè jẹ adùn rẹ̀ fún ogún ọdún. Fún ọlọ́jà Ìgbọ̀nà tó ní fíríísà, tí àyè rẹ̀ kò tó nǹkan, lítíọ́ọ̀mù la ó sọ fún un pé kó lọ rà, kó sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Olójé ṣì wúlò fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, bó bá lè ra ìlọ́po méjì ohun tó fẹ́ máa lò lóru, kó má baà máa lò ó gbẹ.

Bí ẹnì kan bá ní òun rí bátìrì onírin àlòkù, ẹ má tètè sọ pé rárá, torí àlòkù rẹ̀ lè ṣì dára. Ẹ dán an wò. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kó kún, ẹ gba áńpù ìdá márùn-ún ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ wo aago. Tó bá jẹ́ 100 ni wọ́n kọ, ẹ gba 20. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá wálẹ̀ dé fólítì 1.0 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ló kù. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì, ẹ kú ìrìn, ẹ máa bọ̀ nílé. Èyí tí a fi ń wo bátìrì mọ́tò, tó ń léfòó nínú ásíìdì, kò lè sọ fún yín bóyá onírin kún tàbí kò kún, nítorí omi rẹ̀ kì í yí padà bó ṣe ń kún tó sì ń gbẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wo ìbéèrè òun fún bátìrì onírin, kó kọ gbogbo ohun tó fẹ́ máa lò lóru, wáàtì rẹ̀ àti wákàtì rẹ̀, bí a ti ṣe é lókè yìí. Kó mú iye tí páńẹ́ẹ̀lì, kọntiróólà, ínfátà àti owó ibodè máa jẹ́ wá, kì í ṣe ti bátìrì nìkan. Kó sọ ibi tó máa gbé e sí àti ẹni tí yóò máa bomi sí i. Àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ka ìwé yìí, tàbí kí ẹnì kan ti kà á sí wọn létí, kí wọ́n tó tẹ̀ka.